Ṣé idì ni ẹyẹ tó ń bà sórí ọ̀pẹ ẹ̀yìnkùlé wa?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ẹyẹ. Ilé wa ò jìnnà sí adágún Ẹlẹ́yẹlé, n'Íbàdàn níbí. Ẹyẹ ńlá kan ń bà sórí ọ̀pẹ ẹ̀yìnkùlé láàárọ̀. Àwòdì kọ́ o: ìrù àwòdì là lẹ́nu, ti eléyìí ò là, kò sì wo òròmọdìẹ wa rí. Orí àti àyà rẹ̀ funfun báláú, apá dúdú. Bàbá onílé ní idì ni, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ ba àwọn jiyàn.

Ṣùgbọ́n idì tó ń pẹja, ikùn rẹ̀ pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ìrù rẹ̀ sì funfun. Ti eléyìí, ikùn funfun, ìrù dúdú, etí ìrù nìkan ló funfun. Awọ ojú rẹ̀ pupa, kò níyẹ̀ẹ́. Mo tún rí i tó fi ẹsẹ̀ tẹ ẹyìn mọ́lẹ̀, tó ń ya á jẹ díẹ̀díẹ̀. Idì wo ló ń jẹ ẹyìn? Mo fura sí irú igún tó máa ń jẹ ẹ́.

Ẹ jọ̀ọ́, bó bá ń fò lókè, tóòrùn ò jẹ́ kí n rí àwọ̀, kí ni kí n máa wò? Fóònù mi ò ya ohun tó jìnnà dáadáa. Ṣé kí n kúkú ra awò tí wọ́n fi ń wo ọ̀nà jíjìn?