Ẹ̀rọ wo ni kí n rà fún ẹgbẹ́ olórin tó ń gba orin sílé ní Surulere?

Ará Houston:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Àbúrò mi àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́ta ń ṣe ẹgbẹ́ orin kékeré ní Surulere: gìtá, kíbọ́ọ̀dù, gángan àti akọrin kan. Inú yàrá ni wọ́n ti ń gba orin sílẹ̀. Láptọ́ọ̀pù wọn ti gbó, wọ́n ní kí n ra kọ̀ǹpútà ńlá orí tábìlì àti máìkì condenser (irú máìkì tó máa ń gbọ́ ìró kékeré pàápàá) olówó gọbọi bọ̀ lóṣù Kejìlá. Kí lẹ rí sí i?

Ará London:
Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì náwó yẹn. Yaba ni ẹgbẹ́ tèmi wà, ó pé ọdún mẹ́fà báyìí tí a ti ń gba orin sínú yàrá kan lẹ́yìn Tejúoṣó. Kì í ṣe máìkì ló ń bá wa jà. Iná ni.

Ọdún àkọ́kọ́, gbogbo ohun tí a bá gbà ló ń kùn lábẹ́ bí ẹni pé oyin wọ inú rẹ̀. A pààrọ̀ wáyà, ó ń kùn. A yá máìkì ẹlòmíì, ó ń kùn. Lọ́jọ́ kan, onígángan wa yọ ṣájà láptọ́ọ̀pù kúrò lára ògiri kó lè rí ibi tó máa ki ṣájà fóònù rẹ̀ bọ̀. Ariwo náà pa lọ́lọ́. Gbogbo wa wo ara wa. Láti ọjọ́ náà, orí bátìrì nìkan la ti ń gba orin.

Nítorí náà, láptọ́ọ̀pù ni kẹ́ ẹ rà, kí bátìrì rẹ̀ lágbára, kó ní SSD (ibi ìkó-nǹkan-pamọ́ tí kò ní ohun tó ń yí nínú), nítorí hard disk tó ń yí máa ń ráhùn, máìkì á sì gbọ́ ọ. Tòkunbọ̀ tó mọ́ tó o. Sound card wa (ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn láti ara máìkì wọ inú kọ̀ǹpútà), Focusrite Scarlett 2i2 ni: ihò méjì fún máìkì tàbí gìtá, ara USB ló ti ń jẹ iná. Ohunkóhun tó bá ní ṣájà tirẹ̀, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí i lára. Bó bá jẹ́ 100-240V, kò séwu, ẹnu pulọ́ọ̀gì nìkan ni wọn á pààrọ̀. Bó bá jẹ́ 120V nìkan, iná ilé wa tó jẹ́ 230V á jó o.

Máìkì condenser ń gbọ́ jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò bó ṣe ń gbọ́ akọrin. Ẹ ra máìkì Shure SM58 fún ohùn, Shure SM57 fún gángan, wọn kì í ṣe condenser. Kí wọ́n gbé SM57 jìnnà sí awọ ìlù tó ẹsẹ̀ bàtà kan, kó dagun díẹ̀. Bó bá sún mọ́ jù, ìkọlù kọ̀ǹgọ́ ló máa bo gbogbo rẹ̀, ohun tí ìlù ń sọ á sọnù, ìró ọṣán bí apá ṣe ń fún un á sì wọlé. Kí onílù kọ́kọ́ lu ibi tó le jù, kí wọ́n fi ìwọ̀n agbára ohùn tó ń wọlé sí nǹkan bíi -12 dB (0 ni òpin rẹ̀), torí gángan lè fò sókè lójijì.

Ará Toronto:
Àwa kò lè yẹra fún iná, kíbọ́ọ̀dù wa kò ní bátìrì. Inverter pure sine wave (èyí tí iná rẹ̀ ń lọ geere) ló gbà wá. Èyí tó rọ̀jú tí a kọ́kọ́ rà, ńṣe ló ń fi ariwo kún un. Bẹ́ ẹ bá sì ń fi orin ránṣẹ́ síra yín, ẹ fi ránṣẹ́ bíi document lórí WhatsApp, kò ní fún un pọ̀. Fáìlì WAV (ohùn tí a kò fún pọ̀) tó jẹ́ 24-bit, 48 kHz, ohùn kan fún ìṣẹ́jú kan sún mọ́ 9MB, ẹ ra dátà tó pọ̀.

Ará Houston:
Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ pe àbúrò mi tán. Mo ní kó yọ ṣájà, kó máa ka aago. Ìṣẹ́jú 11, láptọ́ọ̀pù kú. Ó ní yàtọ̀ síyẹn, kò ṣe é ní nǹkan kan. Ṣé kí n kàn ra bátìrì àti SM57 bọ̀?

Ará London:
Bẹ́ẹ̀ ni o. Inú báàgì ọwọ́ ni kẹ́ ẹ fi bátìrì sí, wọn kì í gbà á nínú ẹrù abẹ́ bàálù. Bó bá sì jẹ́ Computer Village ní Ìkẹjà ni àbúrò yín ti máa rà á, kó gbé láptọ́ọ̀pù dání, kí wọ́n fi bátìrì sí i, kó lò ó lójú wọn kó tó sanwó.