“Ìwọ̀n àìléwu” kọ́, gbèdéke ni

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́. Nínú ọ̀rọ̀ Yorùbá tí a jọ ń wá, ẹ̀gbọ́n wa kan dábàá “ìwọ̀n àìléwu” lánàá fún iye òjé (irin olóró tí wọ́n ń pè ní “lead”) tí aláṣẹ ní kò gbọdọ̀ kọjá nínú oúnjẹ ọmọdé. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn ń ṣèlérí ohun tí kò sí.

Ìgbìmọ̀ onímọ̀ tí Àjọ Ìlera Àgbáyé (WHO) àti Àjọ Oúnjẹ àti Iṣẹ́ Àgbẹ̀ Àgbáyé (FAO) jọ gbé kalẹ̀ ti ní iye òjé kan tẹ́lẹ̀ tí ènìyàn lè jẹ lọ́sẹ̀: máíkírógíráàmù 25 fún kílò kọ̀ọ̀kan tí ara rẹ̀ wọ̀n. Lọ́dún 2010 wọ́n wọ́gi lé e. Wọn ò fi òmíràn rọ́pò, torí wọn ò rí iye kankan tó dá wọn lójú pé kò ní pa ọpọlọ ọmọdé lára. Síbẹ̀ àwọn ìjọba ṣì ń fi iye lélẹ̀ kí ilé iṣẹ́ lè mọ ibi tó yẹ kó dúró. Lóṣù kìíní ọdún 2025, Amẹ́ríkà ní ìdá 20 nínú bílíọ̀nù kan fún sírìlì gbígbẹ ọmọ ọwọ́.

Mo ti ka “ìwọ̀n àìléwu” yìí fún àwọn ìyá ọlọ́mọ rí ní Ẹ̀bútè Mẹ́tta. Ọ̀kan nínú wọn bi mí pé, “Àǹtí, tí ò bá ṣáà ti kọjá ibẹ̀, ṣé mo lè máa fún un láràárọ̀?” Kò gbọ́ mi ṣì. Ohun tí mo sọ gan-an ló gbọ́, ó sì dùn mí títí dòní.

Gbèdéke ni mo mú wá. Ẹnì kan á ní ọ̀rọ̀ ọjọ́ ni, bíi ọjọ́ gbèdéke owó ilé. Ṣé a kì í sọ pé sùúrù ní gbèdéke ni? Ibi tí nǹkan ò gbọdọ̀ kọjá ló ń tọ́ka sí. Kò sọ pé ohun tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ dára.

“Ìwọ̀n ìfaradà” ńkọ́? Ara ta ni yóò fara dà á? Òjé tí ọmọ kékeré bá gbé mì, ara rẹ̀ ń fà á wọlé ní ìlọ́po 4 sí 5 ti àgbàlagbà.

Ní ti “ìdọ̀tí” tí àwọn kan fẹ́ máa pe ohun olóró tó bá wọ inú oúnjẹ bí òjé, ìdọ̀tí ṣeé fọ̀. Òjé tó ti ara ìkòkò tí wọ́n fi àlòkù àlùmíníọ́mù ṣe wọ inú ògì gbígbóná, ta ni yóò fọ̀ ọ́? Màá gba “májèlé ayọ́wọlé”, torí kò sẹ́ni tó mọ̀ọ́mọ̀ fi í síbẹ̀.

Ọjọ́rú tó ń bọ̀ ni mo tún fẹ́ bá àwọn ìyá náà sọ̀rọ̀. “Gbèdéke òjé” ni màá kà fún wọn. Ẹni tó bá ní èyí tó dára jù ú lọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè mú un wá.