Ẹ gbà mí o, ẹsẹ̀ ọmọ mi ń tẹ̀ sí i

Ìyá Ayọ̀: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ ẹ̀yin àǹtí mi. Ìlẹṣà ni mò ń gbé, ọ̀rọ̀ ọmọ mi ọkùnrin ti gba oorun lójú mi. Ẹsẹ̀ ẹ̀ méjèèjì tẹ̀ síta, tí ọrùn ẹsẹ̀ bá pàdé orúnkún ò ní pàdé, ọrùn ọwọ́ náà tún wú bí ẹni pé ẹ̀gbà wà níbẹ̀. Ìyá ọkọ mi ní mo pọ̀n ọ́n jù ni, pé òun ò bí irú ẹ̀ rí, bẹ́ẹ̀ ọ̀dọ̀ ẹ̀ lọmọ yìí máa ń wà tí mo bá lọ ta ata lọ́jà Àtàkúnmọ̀sà, ilẹ̀ ò tíì mọ́ ni mo ti ń jáde. Ọkọ mi ò dá sí i. Nọ́ọ̀sì kan ní kílíníìkì ta fítámì olómi fún mi lówó gọbọi, ó ní kí n máa gbé e sóòrùn àárọ̀. Oòrùn wo? Ìta ló ń ṣeré sí látàárọ̀! Ẹ má sọ pé kí n ní sùúrù o.

Sister Bùnmi: Pẹ̀lẹ́. Ọmọ ọdún mélòó ni? Kí ló ń jẹ?

Alhaja Wúrà: Ti ọmọ mi kejì náà tẹ̀, àdí ni mo fi ń wọ́ ọ, ó tọ́ kó tó pé ọdún méjì. Ẹ máa wọ́ ọ.

Bàbá Ìbejì: Ìyá ọkọ yẹn ni kí ẹ ṣọ́ dáadáa.

Sister Bùnmi: Bàbá Ìbejì, ẹ fi ìyá oníyàá sílẹ̀, ọ̀rọ̀ egungun là ń sọ.

Ìyá Ayọ̀: Ó ti lé lọ́dún mẹ́ta. Ó ń jẹun dáadáa, ẹnikẹ́ni ò lè sọ pé mo febi pa ọmọ mi, ògì láàárọ̀, àmàlà tàbí ẹ̀kọ pẹ̀lú ọbẹ̀ ata lálẹ́. Mo ti já a lẹ́nu ọmú, mílíìkì sì ti gbówó lórí, ta ló ń rà á?

Nọ́ọ̀sì Fẹ́mi: Ìyá Ayọ̀, ó jọ rickets, egungun ló ń rọ̀. Alhaja ẹ má bínú, èyí kọjá àdí. Lọ́dọ̀ tiwa níbí, oòrùn kọ́ ló sábà máa ń wọ́n, calcium ni, èròjà inú oúnjẹ tó ń mú egungun le. Àwọn dókítà Ilé-Ifẹ̀ ti kọ nípa ẹ̀ láti 1996, ní Jos náà wọ́n rí i ní 1999 pé àwọn ọmọ tí wọ́n fún ní calcium gbádùn ju àwọn tó gba vitamin D (fítámì tí oòrùn máa ń jẹ́ kí ara ṣe) nìkan lọ. Ògì lásán ò ní calcium tó, nǹkan kan tún wà nínú àgbàdo tó ń di ìwọ̀nba tó wà mú. Ẹ ra ẹja gbígbẹ kéékèèké àti edé, ẹ lọ̀ ọ́ tegungun tegungun títí á fi kúnná, ẹ máa bu ṣíbí kan sínú ògì, sínú ọbẹ̀. Ṣùgbọ́n kí wọ́n ya x-ray ọrùn ọwọ́, kí wọ́n sì yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Ṣé ó ń lo oògùn kankan?

Alhaja Wúrà: Mi ò ní kó má lọ ọsibítù o, ohun tó ṣiṣẹ́ fún mi ni mo sọ.

Sister Bùnmi: Ti yín ò tíì pé ọdún méjì, ẹsẹ̀ ọmọ kékeré máa ń tẹ̀ díẹ̀ fúnra ẹ̀. Tiẹ̀ yàtọ̀.

Ìyá Ayọ̀: Oògùn gìrì nìkan ló ń lò, phenobarb, kó tó pé ọdún kan ni wọ́n ti ní kó máa mu ún, gìrì ò sì gbé e mọ́. Kí ló kan ẹsẹ̀ níbẹ̀?

Nọ́ọ̀sì Fẹ́mi: Ó kàn án gan-an! Phenobarb máa ń jẹ́ kí ẹ̀dọ̀ tètè ba vitamin D jẹ́, tó bá wá pẹ́ lára ọmọ tí oúnjẹ ẹ̀ ò ní calcium, egungun á rọ̀. Ẹ GBỌ́ MI, ẹ má dá oògùn náà dúró fúnra yín o, gìrì lè padà pẹ̀lú agbára, calcium tó bá lọ sílẹ̀ gan-an tún máa ń fa gìrì. Dókítà ló máa sọ bóyá kí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀ tàbí kí wọ́n fi calcium àti vitamin D kún un.

Bàbá Ìbejì: Ó yẹ kí ẹ ti sọ ọ́ látìbẹ̀rẹ̀.

Ìyá Ayọ̀: Wọn ò bi mí ní kílíníìkì, báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀ pé wọ́n tan mọ́ra? Ṣé ọsibítù Wesley Guild níbí ní Ìlẹṣà ni kí n gbé e lọ? Ọjọ́ Ajé ni mo lè kúrò lọ́jà.

Nọ́ọ̀sì Fẹ́mi: Bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀dọ̀ àwọn dókítà ọmọdé. Ẹ mú ìgò phenobarb dání àti ìgò fítámì yẹn, kí ẹ sọ iye tó ń mu lójúmọ́. Tí gìrì bá dé kó tó dọjọ́ yẹn, ẹ gbé e lọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ì báà jẹ́ òru.