Màámi ò sọ fún wa rí pé wọ́n gbà wọ́n tọ́ ni

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Kubwa, l'Ábújá, ni èmi àti Màámi ń gbé. Lóṣù tó kọjá, mo ń bá wọn to àpótí ni mo rí lẹ́tà kan nínú aṣọ òfì: ilé ọmọ aláìlóbìí kan ní Kàdúná ló kọ ọ́ ní 1969, pé àwọn fi ọmọbìnrin ọdún mẹ́rin lé àwọn òbí tó tọ́ Màámi lọ́wọ́. Orúkọ Màámi ni wọ́n kọ fún ọmọ náà.

Mo lọ sí Kàdúná. Ṣọ́ọ̀bù ló wà níbi tí ilé ọmọ náà wà tẹ́lẹ̀ báyìí. Mo ti ń ro National Archives, ibi tí ìjọba ń kó ìwé àtijọ́ pamọ́ sí, tó wà nílùú náà; North-Central State ni wọ́n ń pe ìpínlẹ̀ yẹn títí di 1976, orúkọ yẹn ni màá fi wá ìwé níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n Màámi ní kí n fi ìyá mi sílẹ̀ kó sinmi. Màámi fúnra wọn, bí a bá ti dárúkọ ìgbà èwe wọn, ẹ̀wà ọwọ́ wọn ni wọ́n á tẹjú mọ́, wọ́n á máa ṣà á lọ. Ó dùn mí pé àwọn nìkan ló ń dá a gbé.

Ṣé kí n kọ́kọ́ sọ fún wọn pé mo rí lẹ́tà náà, àbí kí n wá ẹbí wọn ná? Ẹ má bínú pé ó gùn. Mo dúpẹ́ ṣáájú.