Mo dá abẹ́rẹ́ dúró, ara ti ń padà

Fọlákẹ́, Leeds: Ẹ̀yin ará, ẹ gbà mí o! Mo dá semaglutide, abẹ́rẹ́ tó ń pa ebi kí èèyàn lè fọn, dúró nígbà tí mo dé ìwọ̀n tí mò ń lé. Sòkòtò tí mo rà nígbà ooru ò ṣe é dí bọ́tìnì mọ́. Oúnjẹ mi ò yí padà, àmọ́ ebi tí mi ò mọ̀ rí ló ń pa mí. Ṣé kí n tún bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ ni, àbí kí n gbààwẹ̀?

Ìyá Tóbi, Calgary: Má dán ààwẹ̀ wò, àbúrò. Mo ṣe é rí. Gbogbo ohun tí mo bọ́ ló padà, ó tún mú èlé dání.

Bọ̀dá Káyọ̀dé, Houston: Ọ̀rọ̀ ọ̀fun ni. Ta ló ní kó o dá a dúró lẹ́ẹ̀kan náà?

Nọ́ọ̀sì Àbẹ̀kẹ́, Manchester: Bọ̀dá, ẹ fi ọ̀fun sílẹ̀. Ọ̀rá ló ń tú leptin sínú ẹ̀jẹ̀, òun ló ń jẹ́ kí ọpọlọ mọ̀ pé oúnjẹ wà nípamọ́. Ọ̀rá bá dín kù, leptin á lọ sílẹ̀, ọpọlọ á rò pé ìyàn ti mú. Ghrelin tó ń fa ebi á sì gòkè. Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Ọsirélíà, tó jáde lọ́dún 2011, fi hàn pé lẹ́yìn ọdún kan, ebi ò tíì fi àwọn tó fọn sílẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì ọ̀rá gan-an ò dín níye, ó kàn sún kì ni.

Ìyá Tóbi: Àwọn tó díje nínú The Biggest Loser, ìdíje ta ló máa fọn jù lórí tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà, ńkọ́? Wọ́n tún 14 nínú wọn yẹ̀ wò lẹ́yìn ọdún 6: ara wọn ń jó nǹkan bí 500 kálórì dín sí ohun tó yẹ lójúmọ́.

Bọ̀dá Káyọ̀dé: Ó dáa, mo gbà. Ṣùgbọ́n ì bá máa dín in díẹ̀díẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Àbẹ̀kẹ́: Ara ò ní gbàgbé ìyẹn náà. Àwọn tó dá a dúró nínú ìdánwò semaglutide gba nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ìwọ̀n tí wọ́n bọ́ padà láàárín ọdún kan. Ṣé ẹ máa ń fi oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru sílẹ̀ torí pé ó ti wálẹ̀?

Ìyá Tóbi: Títí ayé kẹ̀? Èmi ò fara mọ́ ọn.

Olúmìdé, Toronto: Ẹsẹ̀ ni kó lò. Ìwé orúkọ àwọn tó pa ìwọ̀n wọn mọ́ ti wà ní Amẹ́ríkà láti 1994. Ọ̀pọ̀ wọn ń ṣeré ìdárayá tó wákàtí kan lójúmọ́.

Bọ̀dá Káyọ̀dé: Ní Houston, tí wọ́n bá rí ẹ tó ò ń fẹsẹ̀ rìn, wọ́n á rò pé mọ́tò ẹ bàjẹ́ ni.

Olúmìdé: Ẹ máa bọ̀ ní Toronto. Òtútù ibí á jó ọ̀rá yín.

Ìyá Tóbi: Toronto tó pe ṣójà wá kó yìnyín lọ́dún 1999! Ẹ ẹ̀ tíì rí òtútù.

Fọlákẹ́: Màmá mi rí mi lórí fídíò nígbà tí mo fọn, ẹkún ni wọ́n bú sí. Wọ́n ní ta ló ń tọ́jú mi níbí.

Bọ̀dá Káyọ̀dé: Àárò màmá mi sọ mí. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni bi mí bóyá mo ti jẹun.

Nọ́ọ̀sì Àbẹ̀kẹ́: Fọlákẹ́, má padà sórí ìwọ̀n abẹ́rẹ́ tó o wà tẹ́lẹ̀ láìjẹ́ pé dókítà gbọ́. Máa gbé irin pẹ̀lú, kí iṣan má bàa bá ọ̀rá lọ.

Bọ̀dá Káyọ̀dé: Irin wo lẹ̀ ń gbé ní Calgary?

Ìyá Tóbi: Ṣọ́bìrì yìnyín. Wá gbé e wò.