Nínú àwo rọ́ọ̀kì wọ̀nyí, èwo ni kí n kọ́kọ́ gbọ́?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ mọ orin rọ́ọ̀kì àtijọ́. Bàbá kan ládùúgbò wa ló kó páálí àwo rẹ́kọ́ọ̀dù kan fún mi. Jùjú àti fújì lèmi mọ̀ ní tèmi. Band on the Run ti Paul McCartney àti Wings nìkan ni mo tíì gbọ́, torí pé Èkó ni wọ́n ti gba èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sílẹ̀ ní 1973. Ó dùn, àmọ́ n ò gbúròó Èkó nínú rẹ̀ rárá!

Ìlù ló máa ń wọ̀ mí lára jù. Mo rí Disraeli Gears ti Cream (1967), Ginger Baker tó padà wá bá Fẹlá ṣeré ló lùlù níbẹ̀. Àwo kẹrin Led Zeppelin náà wà níbẹ̀, èyí tí wọn ò kọ orúkọ kankan sí iwájú rẹ̀. Nínú méjèèjì, èwo ni ìlù rẹ̀ le jù?

Pink Floyd ńkọ́? Ṣé dandan ni kí n jókòó ti The Dark Side of the Moon látìbẹ̀rẹ̀ dópin? Eruku ti bo ojú kejì rẹ̀, abẹ́rẹ́ sì ń fò. Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ fi ń nu tiyín tí kì í fi í ha?