Eré ìtàgé nípa Emmett Till ní ilé ẹ̀kọ́ ọmọ mi

Ìyá Ìbejì, Chicago: Ẹ̀yin ará mi, mo kí yín. Ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣe eré nípa Emmett Till, ọmọ ọdún 14 láti ìlú wa níbí, tí àwọn aláwọ̀ funfun jí gbé, tí wọ́n sì pa ní Mississippi ní oṣù Kẹjọ ọdún 1955. Nígbà tí ọmọbìnrin tó kó ipa ìyá rẹ̀ ní kí wọ́n ṣí pósí sílẹ̀ kí gbogbo ènìyàn lè rí ohun tí wọ́n fi ojú ọmọ òun rí, omijé bọ́ lójú mi. Àbíkẹ́yìn mi, ọmọ ọdún 9, kò sùn dáadáa láti ìgbà náà. Ṣé àṣìṣe ni mo ṣe bí mo ṣe mú un lọ?

Bàbá kan, Houston: Ìyá Ìbejì, ẹ pẹ̀lẹ́. Kì í ṣe àṣìṣe, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ẹ ti kọ́kọ́ sọ ìtàn náà fún un nílé. Èmi fúnra mi, ti ilé ẹjọ́ ló ń dùn mí jù: ìgbìmọ̀ ọkùnrin 12, aláwọ̀ funfun ni gbogbo wọn, kò lò ju wákàtí kan ó lé díẹ̀ lọ kí wọ́n tó dá àwọn afurasí méjèèjì sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ní 1956 wọ́n fi ẹnu ara wọn jẹ́wọ́ fún ìwé ìròyìn pé àwọn ni àwọn pa á.

Olùkọ́ eré ìtàgé: Ẹ bi ọmọ náà ní ohun tó ń bà á lẹ́rù gan-an. Ẹ sọ fún un pẹ̀lú pé ní 2022, ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà fi orúkọ Emmett ṣe òfin lòdì sí irú ìpànìyàn bẹ́ẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó pẹ́ púpọ̀.

Ìyá Ìbejì: Ẹ ṣeun. Mo bi í. Ó ní àwọn ẹbí rẹ̀ ni Emmett kàn lọ kí nígbà ìsinmi.